Ìbéèrè Yín: Fáíbà já, Adó ò rí Ìkòlé mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ọ̀gá wa. Ọ́fíìsì wa ní ráútà ńlá méjì, ọ̀kan l'Adó Èkìtì, èkejì n'Ìkòlé, fáíbà ló so wọ́n pọ̀, òun àti àwọn ráútà mìíràn inú ọ́fíìsì méjèèjì la fi ṣe area 0, ìpín àárín tó so àwọn ìpín (area) yòókù pọ̀, nínú OSPF, ìyẹn ètò táwọn ráútà fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn. Bíránǹṣì Ìfàkì àti Ìjerò so mọ́ méjèèjì, area 1 ni wọ́n. Àwọn tó ń ṣe títì wá fi katapílà gé fáíbà yẹn. Látìgbà náà Adó ò rí sáfà tó wà n'Ìkòlé mọ́, bẹ́ẹ̀ Ìfàkì ń rí àwọn méjèèjì! Ṣé ráútà ti bàjẹ́ ni? Ọmọ Adó

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ o, òfin ló ń tẹ̀lé. Area 0 ò gbọdọ̀ pín sí méjì, tiyín sì ti pín báyìí, Adó ní tiẹ̀, Ìkòlé ní tiẹ̀. Ìfàkì ò sí nínú area 0 rárá, ìyẹn ló jẹ́ kó máa gba ìròyìn lọ́dọ̀ méjèèjì láìjanpata. Ṣùgbọ́n Adó dúró sẹ́nu ààlà area méjì, ìròyìn area mìíràn tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ìyẹn láti area 1, kò ní lò ó, kí páákẹ́ẹ̀tì (ẹrù dátà kéékèèké) má baà máa yípo lójú kan. RFC 2328 ti 1998, ìwé òfin OSPF, ló là á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ Cisco lẹ ń lò, ẹ tẹ show ip ospf database summary l'Adó, ẹ máa rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà yẹn níbẹ̀ kedere, ẹ wá tẹ show ip route ospf, ẹ ò ní bá a. Ó gbọ́, kò kàn gbà ni.

Virtual link, ìyẹn okùn àfinúrò tó máa so area 0 méjèèjì pọ̀, ni kí ẹ fà gba inú area 1. Lábẹ́ router ospf l'Adó, ẹ kọ area 1 virtual-link, kẹ́ ẹ fi router ID Ìkòlé (nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ nínú OSPF) tì í, kẹ́ ẹ lọ ṣe bẹ́ẹ̀ n'Ìkòlé pẹ̀lú ID Adó. Router ID mo wí o, kì í ṣe àdírẹ́sì IP ojú fáíbà, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí area 0 yín bá ní password, virtual link náà gbọ́dọ̀ ní in.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti sọ area 1 di stub (area tí a dín ìròyìn tó ń wọ̀ ọ́ kù) torí ráútà kékeré, virtual link ò lè ṣiṣẹ́ láéláé, GRE tunnel, ìyẹn ọ̀nà tó ń di páákẹ́ẹ̀tì sínú páákẹ́ẹ̀tì mìíràn, láàárín Adó àti Ìkòlé lẹ máa lò, kẹ́ ẹ fi tunnel náà sínú area 0, kẹ́ ẹ sì dín MTU rẹ̀ (ìwọ̀n páákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tó lè kọjá) sí 1476.

Lójú tèmi, ẹ má fi í sílẹ̀ lórí virtual link tàbí tunnel bẹ́ẹ̀ pẹ́. Gbogbo ohun tó ń lọ s'Ìkòlé láti Adó á máa gba línkì kékeré àwọn bíránǹṣì kọjá, gbogbo ẹ̀ á sì máa fà. Ẹ ní kí ọ̀gá yín fowó sílẹ̀ fún línkì kejì láàárín Adó àti Ìkòlé, ì báà jẹ́ rédíò ni, kó ṣáà wà nínú area 0, kó má sì gba ẹ̀gbẹ́ títì kan náà.