Iyọ̀ àti fínígà ò lè di prínńtì mú o

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Kubwa ni mò ń gbé. Mo fẹ́ rán kúlítì, bẹ́ẹ̀dì káfà alábùlẹ̀ yẹn, fún ọmọ-ọmọ mi. Mo ya òdòdó fúnra mi lórí fóònù, wọ́n sì bá mi fi sublimation tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ òwú funfun, yáàdì mẹ́rin. Mo fọ etí ẹ̀ wò, kọ́lọ̀ ẹ̀ ti ṣí. Ẹnìkan ní kí n rẹ ẹ́ sínú iyọ̀ àti fínígà. Ìwọ̀n mélòó ni kí n bù, kí n sì fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú oríire ọmọ-ọmọ. Ẹ má bu nǹkan kan. Ẹ tọ́jú fínígà yín fún sàláàdì.

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́, bí ẹni mẹ́fà ló ti bi mí ní nǹkan kan náà láàárín oṣù méjì, àwọn tó ń kọ́ yín ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ lórí fídíò ni inú ń bí mi sí. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Sublimation ni inki tí iná máa ń sọ di nǹkan bí èéfín. Tí ẹ̀rọ atẹṣọ bá ti gbóná tó nǹkan bíi 200°C, èéfín yẹn á wọnú okùn polyester, torí ọmọ ike ni polyester, iná á jẹ́ kó yanu, inki á wọlé, tó bá tutù á panu dé. Òwú ò ní ẹnu yẹn rárá. Inki kàn jókòó sójú ẹ̀ ni, bí eruku ọyẹ́ ṣe ń jókòó sórí mọ́tò wa ní Abuja níbí. Omi dé, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tí kò wọlé, kọ́kọ́rọ́ wo lẹ fẹ́ fi tì í mọ́lé?

Ṣé ẹ rí fínígà yìí, ó níbi tó ti wúlò o. Àwọn àró kan wà fún irun àgùntàn àti sílíìkì tó jẹ́ pé nǹkan kíkan ló ń jẹ́ kí wọ́n mú aṣọ. Òwú ò bá kíkan ṣe. Ẹ lọ wo kòtò àró Kofar Mata ní Kánò, tí wọ́n ní ó ti wà láti 1498: elú, eérú àti káún ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀. Àwọn ìyá aládìrẹ Abẹ́òkúta náà, sódà ni tiwọn. Eérú, káún, sódà, gbogbo wọn ló jẹ́ ọ̀tá fínígà, tí eérú tàbí káún bá pàdé fínígà, ṣe ló máa ń hó. Iyọ̀ ńkọ́? Wọ́n ń lo iyọ̀ lóòótọ́ tí wọ́n bá ń rẹ òwú sínú àwọn àró kan, ṣùgbọ́n inú omi àró níbẹ̀ ló ti ń ti àró lọ bá aṣọ, sódà ash ló ń so wọ́n pọ̀. Aṣọ tí wọ́n ti tẹ̀ tán, iyọ̀ ò rí nǹkan kan ṣe sí i mọ́.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan dán an wò nígbà kan tí mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó da ìgò fínígà méjì lé aṣọ aláwọ̀ àlùkò, ó fi bọ́kẹ́ẹ̀tì bò ó mọ́jú. Ọjọ́ mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù fi ń rùn bí ẹ̀kọ tó kan. Mo mú áńkáṣíìfù funfun, mo rẹ ẹ́ sómi, mo fi nu aṣọ yẹn lẹ́ẹ̀kan péré. Áńkáṣíìfù di àlùkò. Kò tiẹ̀ lè wò mí lójú.

Aṣọ yín gan-an, ṣé òwú ni? Mi ò fojú rí i o, ohun tí ẹ sọ ni mò ń bá lọ. Ẹ fa okùn kan yọ, ẹ fi ẹ̀mú mú un lórí àwo irin, kí ọmọdé má sí nítòsí, ẹ ṣáná sí i. Tó bá jó bíi bébà tó sì di eérú, òwú ni. Tó bá ká jọ tó dì bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú, polyester ni, ẹ má fọwọ́ kàn án o, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara. Tó bá ṣe méjèèjì, àdàlù ni, díẹ̀ lára kọ́lọ̀ ló máa dúró, á wá dà bí aṣọ tó ti gbó.

Tí ẹ bá fẹ́ tẹ òmíì, ẹ bi ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ pé inki wo ló ń lò. Fún òwú, ẹ béèrè pigment, ìyẹn inki tó ní gọ́ọ̀mù nínú tí iná máa ń gan mọ́ aṣọ. Ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ bí ilé iṣẹ́ tó ṣe inki yẹn ṣe kọ ọ́, kì í ṣe áyọ́ọ̀nù ilé. Reactive, ìyẹn àró tó máa ń so mọ́ okùn òwú gan-an, tún dáa jù ú lọ, aṣọ á rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ sè é lórí ooru omi kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́, ẹ̀rọ tó ń ṣe é ò wọ́pọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ lẹ DTF mọ́ ọn fún yín, ìyẹn àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ sórí fíìmù kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, ẹ sá. Ike ni, áyọ́ọ̀nù á yọ́ ọ, tẹ́ẹ bá sì mọ kúlítì, ẹ mọ̀ pé gbogbo ojú rírán la máa ń lọ̀.

Dísáìn yín náà ńkọ́? Òdòdó tó kún ojú fóònù lè jáde ní íǹṣì mẹ́wàá, ẹ wá gé ìbùlẹ̀ íǹṣì mẹ́rin, ojú rírán á jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ku mẹ́ta àtààbọ̀. Ewé kan ṣoṣo lọmọ máa rí. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà bó ṣe máa tóbi gan-an, kí ẹ gbé e lé ilẹ̀ kí ẹ wò ó. Íǹṣì kan, àmì 150 ó kéré tán, ìyẹn pixel, àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán, torí náà òdòdó íǹṣì mẹ́wàá gbọ́dọ̀ ní àmì 1500 ní ìbú. Tí ẹ bá fi WhatsApp ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, tó bá lọ bíi fọ́tò lásán ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Aṣọ tuntun náà, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e o, òwú máa ń sún kì.

Yáàdì mẹ́rin tó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi ẹ̀ á fi mọ́ gaara, ẹ fi ṣe ìsàlẹ̀ kúlítì, ibi tí ọmọ á máa tọ̀ sí.