Ẹ Bi Wá: Màmá Ń Lo Oògùn Eegun, Síbẹ̀ Eegun Kán

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá wa ti di ẹni ọdún 74. Ó ti tó ọdún méjì tí dókítà ti ní kí wọ́n máa lo alendronate 70 mg, hóró kan lọ́sẹ̀, nítorí osteoporosis tó ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́. Lóṣù tó kọjá wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ọrùn ọwọ́ wọn sì kán. Àbúrò mi ní oògùn náà kò ṣiṣẹ́, kí wọ́n kúkú pa á tì. Kí lẹ rí sí i? (Ọmọ Màmá, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á tì. Alendronate ń dín kíkán eegun ẹ̀yìn kù tó nǹkan bí ìdajì. Kò ṣèlérí pé eegun kò ní kán mọ́. Kí àwọn onímọ̀ eegun tó pè é ní ìkùnà, aláìsàn gbọ́dọ̀ ti lò ó déédéé fún ọdún kan ó kéré tán, kí eegun sì ti kán lẹ́ẹ̀mejì látàrí ìṣubú kékeré. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni, wọ́n á wá ẹ̀rí mìíràn mọ́ ọn, bíi kí àyẹ̀wò DXA, tó ń wọn bí eegun ṣe ki tó, fi hàn pé eegun ẹ̀yìn ti jó rẹ̀yìn ní 5% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kan náà ni kí ẹ máa lò fún àyẹ̀wò yìí. Bí Màmá bá ní oríkèé ríro lẹ́yìn, kí dókítà wo ti ìbàdí dáadáa, torí eegun tó hù lé oríkèé ẹ̀yìn a máa jẹ́ kí èsì dára ju bó ṣe rí lọ.

Ohun tí a ó kọ́kọ́ béèrè ni pé, báwo ni Màmá ṣe ń lò ó? Kódà bí èèyàn bá lò ó bó ṣe yẹ, èyí tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ kò tó 1%. Bí ó bá bá oúnjẹ, tíì tàbí calcium nínú ikùn, díẹ̀ yẹn náà lè ṣòfò. Ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n yàn lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá jí, kí wọ́n tó fi ohunkóhun kan ẹnu, kí wọ́n fi ife omi lásán kan gbáko gbé hóró náà mì, láìrún un, láìlá a. Kí wọ́n wà ní ìjókòó tàbí ìdúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, torí oògùn tó bá padà sọ́nà ọ̀fun ń dá egbò síbẹ̀. Kò sí pé a gbàdúrà ìdájí tán ká tún dùbúlẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná, àgbo, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo wọn á dúró. Ní ọ̀pọ̀ ilé, gbogbo oògùn òwúrọ̀ ni wọ́n ń kó sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá pọ̀, calcium á wà níbẹ̀, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ sìn ín. Oògùn ọdún méjì lè ti ṣòfò báyẹn. Ẹ ka páálí rẹ̀ náà: hóró 52 ló yẹ kó tán lọ́dún.

Calcium 1,200 mg ni wọ́n nílò lóòjọ́, oúnjẹ àti hóró pa pọ̀. Bó bá jẹ́ calcium carbonate, kí wọ́n lò ó pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán tàbí ti alẹ́, kó má ju 500 mg lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí fítámì D jẹ́ 800 sí 1,000 IU. Bí fítámì D bá lọ sílẹ̀, oògùn eegun kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni prednisolone àti dexamethasone táwọn àgbà ń rà ní kẹ́míìsì nítorí ara ríro. Wọ́n ń jẹ eegun níṣu lọ́kà. Wọ́n sì máa ń yọ́ wọn mọ́ àwọn àpòpọ̀ kan tí wọ́n ń tà fún làkúrègbé. Ẹ kó gbogbo ohun tí Màmá ń lò lọ bá dókítà, títí kan èyí tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Kí ẹnikẹ́ni má sì já prednisolone tó ti pẹ́ lára dúró lójijì. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tún fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wo kíndìnrín, táíròìdì, parathyroid (ẹ̀yà kéékèèké inú ọrùn tó ń darí calcium inú ẹ̀jẹ̀) àti jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun.

Bí gbogbo èyí bá mọ́, tí ẹ̀rí sì wà pé alendronate kùnà, a jẹ́ pé ó tó àkókò láti pààrọ̀ oògùn. Zoledronic acid 5 mg, tí wọ́n ń fà sínú iṣan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kò gba inú ikùn kọjá rárá, àmọ́ kò yẹ ẹni tí agbára kíndìnrín rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju 35 ml ní ìṣẹ́jú kan. Teriparatide, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ tó ń kọ́ eegun tuntun, kì í sábà kọjá ọdún méjì, oògùn mìíràn sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ní ti balùwẹ̀, oògùn kankan kò lè gbá ilẹ̀ tó ń yọ̀ mú. Ẹ fi irin ìdìmú sára ògiri, ẹ tan iná síbẹ̀ lóru, kí ẹ sì béèrè bóyá oògùn oorun ló ń jẹ́ kí òòyì máa kọ́ wọn.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi ń gba abẹ́rẹ́ denosumab fún eegun ẹlẹgẹ́ ní London lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Wọ́n fẹ́ wá lo oṣù mẹ́jọ ní Abẹ́òkúta. Ṣé wọ́n lè fo ọ̀kan? (Ọmọ Bàbá, London)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Bí agbára abẹ́rẹ́ yìí bá ti tán, eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn kíákíá, eegun ẹ̀yìn bíi mélòó kan sì lè kán léraléra. Kó má ju oṣù méje lọ sí èyí tí wọ́n gbà kẹ́yìn. Inú fíríìjì, ní 2 sí 8°C, ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, ẹ sì mọ bí iná ṣe rí nílé. Kí Bàbá tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n bá dókítà wọn sọ̀rọ̀, bóyá kí wọ́n wá ọsibítù tí yóò gún un ní Nàìjíríà, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí zoledronic acid. Bí ẹ̀yìn bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n gan-an, X-ray ni kí wọ́n lọ yà, kì í ṣe ìwọ́ra.