Táìsì òkúta lórí káńtà kíṣìnì: ohun tí ojú mi rí kí tèmi tó dúró

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó ilé. Ẹ ní owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín kò lè ra gíránáìtì odindi tí wọ́n máa ń gbé ka orí káńtà, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè ra táìsì òkúta kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Ẹ lè ṣe é. Mo ṣe tèmi ní Ìbàdàn lọ́dún 2019, mo hú gbogbo ẹ̀ dànù, mo tún un ṣe lọ́dún 2021. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló wà níbẹ̀ títí dòní, orí ẹ̀ ni mo ti rẹ́ ẹ̀fọ́ láàárọ̀ yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ irú òkúta tí ẹ fẹ́ rà. Ẹni tó ta tèmi àkọ́kọ́ ní gíránáìtì ni. Ó funfun, ó ń dán, ó ní ìlà eérú lára, owó ẹ̀ sì rọjú. A ò tíì dáná níbẹ̀ fún oṣù kan tí mo gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì láti fi fọ ẹja, mo gbàgbé ìlàjì kan síbẹ̀, ojú tí mo gé dojú kọ òkúta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo gbé e kúrò, mo rí òrùka kan lábẹ́ ẹ̀ tó ti pa dídán yẹn, bí ìgbà tí wọ́n fi iyanrìn ha ojú dígí. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi kànrìnkàn gbo ó, kò kúrò. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọsàn ti jẹ ojú òkúta náà ni.

Mábù ni wọ́n tà fún mi. Ohun tó wà nínú èèpo ẹyin ló wà nínú mábù, ohun tó bá sì ti kan lẹ́nu ń jẹ ẹ́: ọsàn, tòmátò, fínígà. Mábù dára, wọ́n ń wà á ní Ìgbẹ́tì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ sí pálọ̀ ẹ ó gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n káńtà tí a ń gbé ata lílọ̀ kà lójoojúmọ́ kọ́ ni ibùgbé ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan dání tí ẹ bá ń lọ sọ́jà. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àfọ́kù táìsì tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha ojú ẹ̀: gíránáìtì kì í gba ọ̀bẹ bọ̀rọ̀, mábù á ha, á sì yọ ìyẹ̀fun funfun. Ẹ kán omi ọsàn sórí ibi tí ẹ ha àti sórí ibi tó ń dán, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá yọ ìfófó wẹ́wẹ́, tàbí tí dídán ẹ̀ bá kú, ẹ dá a padà fún wọn. Tí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò gbà kí ẹ dán an wò, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù míì.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ohun tó wà lábẹ́, ibẹ̀ gan-an ni mo ti náwó jù nígbà tí mo tún un ṣe, mi ò sì kábàámọ̀. Lọ́dún 2019, ọjọ́ karùn-ún tí birikilà da kọnkéré káńtà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ táìsì. Omi ṣì wà nínú ẹ̀. Omi yẹn gba inú òkúta jáde, ó ya àpá dúdú dúdú sí i bí ẹni da epo sí aṣọ funfun. Ẹ jẹ́ kí kọnkéré pé ọjọ́ 28. Tó bá jẹ́ pé káfíńtà ló kan kọ́bọ́ọ̀dù yín, kí orí ẹ̀ jẹ́ plywood tó nípọn, méjì lórí ara wọn. Pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀ igi tẹ̀ máa ń wú tí omi síǹkì bá ti kán sí i.

Àṣìṣe mi tó burú jù ni bí mo ṣe fi àtè tí a fi ń lẹ táìsì sí i. Mo ń ṣù ú sí ojú ibi márùn-ún, mẹ́rin ní igun, ọ̀kan láàárín, bí mo ṣe rí i tí àwọn kan ń ṣe é lára ògiri. Lọ́jọ́ kan mo sọ ìkòkò irin tí mo fi ń ro àmàlà kalẹ̀, ó dún pá, táìsì là láti etí dé etí. Nígbà tí mo hú u, ibi tó là yẹn ṣófo lábẹ́, afẹ́fẹ́ lásán ló wà níbẹ̀. Ẹ ra tírówẹ̀lì eléyín, ẹ fi fa àtè náà káàkiri kọnkéré, kí ẹ tún fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn táìsì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti lẹ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ṣí ọ̀kan wò. Tí àtè ò bá kan gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ fi kún un. Fún òkúta tí àwọ̀ ẹ̀ funfun, àtè funfun ni kí ẹ rà. Àtè aláwọ̀ eérú máa ń hàn jáde.

Nípa iye tí ẹ máa rà: ká ní káńtà yín gùn ní mítà 3, ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 58. Táìsì 60 sí 30, tí ẹ bá na ibi gígùn ẹ̀ láti ògiri wá síwájú, mẹ́wàá ló máa gbà. Ọ̀kan sí i tí ẹ bá gé sí tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún ló máa bo etí iwájú. Ẹ ra mẹ́tàlá, nítorí èyí tó bá fọ́. Tí ẹ bá padà lọ rà lẹ́yìn oṣù méjì, àwọ̀ ẹ̀ lè máà bá tàkọ́kọ́ mu. Kí táìsì orí gùn bo táìsì etí iwájú, kí omi má baà rí ibi wọlé láti òkè.

Ẹ kọ́kọ́ to gbogbo táìsì sórí káńtà kí àtè tó kàn án, pàápàá nídìí síǹkì. Ẹ má gé táìsì ní ìrísí U yí síǹkì ká, igun ẹ̀ ló ń kọ́kọ́ là. Iwájú síǹkì lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Níbi tí ẹ bá ti gbọ́dọ̀ gé igun, ẹ kọ́kọ́ lu ihò róbótó síbẹ̀, kí ẹ wá gé dé ihò náà. Tí ẹ ò bá mọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìsì lò, ẹ san owó fún ẹni tó ní ẹ̀rọ olómi, èyí tí omi ń dà sí ojú ibi tó ń gé, nídìí ọjà kó bá yín gé ibẹ̀ nìkan. Eruku gíránáìtì kì í ṣe eruku lásán, ó máa ń jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde mọ́. Ẹ̀rọ olómi yẹn ni kí ẹ fi gé e, níta, kí ẹ fi ìbòmú N95, èyí tó ń dí eruku kíkúnná, bo imú. Kí àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀.

Àlàfo mílímítà 2 tó láàárín táìsì kan sí èkejì. Ẹ pa òkúta náà ní sealer, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí òkúta mu omi, kí ẹ tó fi gíráòtì dí àlàfo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọ̀ gíráòtì á wọ etí òkúta. Níbi tí káńtà ti pàdé ògiri, sílíkónì, gọ́ọ̀mù tó máa ń nà, ni kí ẹ fi sí i. Gíráòtì máa ń sán níbẹ̀, aáyán á sì sọ ọ́ di ilé.

Lọ́dọọdún, mo máa ń kán omi díẹ̀ sórí ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ síǹkì. Tí ibẹ̀ bá ti ṣú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo mọ̀ pé sealer ti ń tán nìyẹn, mo sì pa á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ wọn káńtà yín àti ibi tí síǹkì máa wà, kí ẹ jẹ́ kí n mọ̀, màá bá yín ṣírò ẹ̀. Tírówẹ̀lì eléyín mi ṣì wà nílé. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ wà, ẹ má rà á, ẹ wá mú un.