Òórùn Gáàsì Lóru: Kí Ni Ká Kọ́kọ́ Ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Òórùn gáàsì ló jí mi lóru ọjọ́ kan. Bàbá Ìbejì ní ká tan fáànù kí atẹ́gùn lè gbé e jáde, àmọ́ ìyá ọkọ mi ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ta ló jàre? Irin sì wà lójú gbogbo fèrèsé wa nítorí olè. — Ìyá Ìbejì, Mushin

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, màmá ló jàre, ẹ bá mi kí wọn. Ẹ má tan fáànù, ẹ má tan iná. Èyí tó ti wà ní títàn tẹ́lẹ̀, ẹ má pa á. Bí a bá tẹ súìṣì, iná bíńtín máa ń kọ mànà nínú rẹ̀ tí ojú wa kì í rí, ìyẹn sì tó gáàsì. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè bí èéfín, ilẹ̀ ló máa ń ṣàn bí omi, á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á dé ìdí fìríìjì. Bó bá ti tó nǹkan bíi ìdá 2 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ó ti lè gbaná.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ẹ ti orí sílíńdà pa bí ẹ bá lè dé ibẹ̀, kí gbogbo ilé jáde. Ìta ni kí ẹ ti pe panápaná: 767 tàbí 112 ní Èkó.

Nígbà tí òórùn bá ti lọ tán, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kó hó dáadáa, kí ẹ fi kànrìnkàn pa á sí ọrùn sílíńdà àti gbogbo ara rọ́bà. Ibi tí ìhó bá ti ń wú ni gáàsì ti ń jò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣáná wò ó. Rọ́bà kan tí mo tú lára sítóòfù rí, òróró tó ń ta sí i ti mú un rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, eyín eku sì hàn lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó fara ti ògiri, tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ẹ pààrọ̀ tiyín, kí ẹ sì gbé sílíńdà síta, lóòró.

Irin fèrèsé yẹn ló ká mi lára jù. Èéfín máa ń pa èèyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ pe wẹ́dà kó gé irin fèrèsé kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń sùn, kó sọ ọ́ di èyí tó ń ṣí láti inú. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó nítòsí rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọ tó, tí ọwọ́ olè ò lè tó láti ìta. Bí èéfín bá gba ilé, ẹ rákòrò, torí ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ṣe é mí wà. Ẹ pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn yín, ẹ má sì padà wọlé nítorí fóònù tàbí ìwé ẹ̀rí.

Lálẹ́ òní, ẹ di ojú àwọn ìbejì, kí wọ́n ṣí irin náà fúnra wọn. Bí àgádágodo bá le jù fún ọwọ́ wọn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la.