Mo ti fọn, àmọ́ inú mi ò dùn

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ bypass fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù kí n lè fọn: wọ́n dín àpòlúkù mi kù, wọ́n sì so ó mọ́ ìfun nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá gbé iyán síwájú mi lóde àríyá, òkèlè mẹ́ta ti tó, àwọn ẹbí á ní, "Kí ló dé tó o rù báyìí?" Ife wáìnì kan ni mo fi ń pàrònú rẹ́ lálẹ́. Ṣé orí mi pé ṣá? – Ìyá Ìbejì, Peckham

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, orí yín pé. Oúnjẹ tó ń tù yín nínú tẹ́lẹ̀ ti dín kù, ìbànújẹ́ ò sì bá ọ̀rá lọ.

Wáìnì yẹn ló ń já mi láyà. Lẹ́yìn bypass, ọtí kì í dúró nínú àpòlúkù mọ́. Kíá ló ń bọ́ sínú ìfun, tó ń wọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan tí ọtí ò dà láàmú tẹ́lẹ̀ ti tibẹ̀ di ọ̀mùtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà láìfi bò. Ó kéré tán, ọdún 2 ló yẹ kí wọ́n fi máa tọ́jú yín. Ẹ ní kí wọ́n fi yín mọ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá (psychologist). Kí wọ́n yẹ fítámì B12 yín wò pẹ̀lú, torí àìtó rẹ̀ lè fa ìrẹ̀wẹ̀sì.

Ní ti àwọn ẹbí, ẹ̀yin lẹ lara yín. Ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.