Èènì Kọ́ Ni Ìfẹ́ Ọlọ́run

“Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀búté-Mẹ́ta ni mò ń gbé, ata ni mò ń tà ní ọjà Òyìngbò. Èmi ni mò ń gba àjọ àwa obìnrin 12, ₦5,000 lọ́sẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi dùbúlẹ̀ àìsàn, mo kó owó ẹni mẹ́ta, ₦180,000, lọ sí ọsíbítù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi kú náà ni. Ó ku ₦70,000 tí mo jẹ ẹni méjì. Ìdámẹ́wàá mi kì í yẹ̀, mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21, mo san ẹ̀jẹ́, síbẹ̀ bí mo bá kúnlẹ̀, bíi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi ni. Mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àgbà ìjọ kan ní ẹ̀ṣẹ̀ mi ló pa ọkọ mi. Ṣé Ọlọ́run ṣì lè fẹ́ràn irú mi? Èmi ni Aláta Òyìngbò.”

Àbúrò mi, kú ará fẹ́ra kù o.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ àgbà ìjọ yẹn kúrò nílẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù náà bi í ní irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú: ta ló dẹ́ṣẹ̀, òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀? Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Ó wà nínú Jòhánù 9, kí àgbà lọ kà á. Àìsàn ló pa ọkọ rẹ. Owó olówó ni o fi du ẹ̀mí rẹ̀, o sì ṣì í ṣe, ṣùgbọ́n o kò pa á.

Ó wá ku ìwọ àti Ọlọ́run. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ, ariwo ọjà ni mò ń gbọ́ nínú rẹ̀. O ṣáà mọ àwa oníbàárà: o ti wọn ata tán, o ti gbowó, èmi ò tíì di ẹnu ọ̀rá. Mo là á sílẹ̀, mò ń wò ọ́ lójú: “Èènì mi ńkọ́?” Wàá rojọ́ pé ata ò wọlé dáadáa ní Mile 12, wàá sì ju rodo mẹ́ta mẹ́rin sí i. Ẹni tí kò ra nǹkan, ta ló ń fún un ní èènì? Bí o ṣe ń bá Ọlọ́run lò nìyẹn. O san ìdámẹ́wàá, o gbààwẹ̀, o san ẹ̀jẹ́, o wá la ẹnu ọ̀rá sílẹ̀ kó fi ìfẹ́ díẹ̀ sí i. Nígbà tí o kò gbọ́ kí nǹkan bọ́ sínú rẹ̀, o ní owó tí o san ni kò tó.

Ṣùgbọ́n oore-ọ̀fẹ́ ni Bíbélì Yorùbá pè é, látọdún 1884 tí odindi rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀fẹ́! Àwa ará Èkó kì í gba ọ̀fẹ́ gbọ́. Bí kọ́ńdọ́ bá ní ká wọ dánfó lọ́fẹ̀ẹ́, a ò ní wọ̀ ọ́, a ó máa bi í pé níbo ló fẹ́ gbé wa lọ. Róòmù 5:8 ní nígbà tí a ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Kristi kú fún wa. Ìgbà tí gbèsè ṣì wà lọ́rùn rẹ nìyẹn o.

O lè ní, ṣé kí n má san án mọ́ ni? Rárá o! Lọ ka ti Sákéù nínú Lúùkù 19. Olórí agbowó òde tí aráyé kórìíra ni, ó gun orí igi torí ó kúrú. Jésù dúró lábẹ́ igi, ó ní kó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, ilé rẹ̀ lòun máa wọ̀ sí lónìí. Lásìkò yẹn, Sákéù kò tíì dá kọ́bọ̀ padà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn èrò ń kùn. Ìgbà tí àlejò ti gbà láti wọlé rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ tó tú, tó ní òun máa san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Nítorí náà, dá ẹ̀jẹ́ àti ọrẹ àkànṣe dúró ná. (Àwọn kan á fi mí sun pásítọ̀ mi. Kí wọ́n lọ.) Nínú Mátíù 5, Jésù fúnra rẹ̀ ló ní kí èèyàn fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kó lọ làjà ná. Lọ bá àwọn obìnrin méjèèjì nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ ọjà mọ́. Jókòó tì wọ́n. Sọ fún wọn pé ọsíbítù lowó lọ, torí kò hàn nínú lẹ́tà rẹ pé wọ́n mọ̀. Bí o bá lè san ₦5,000 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 14 ni. Ọ̀kan nínú wọn lè bú ọ, má fèsì. Má sì gba àjọ ẹnikẹ́ni lásìkò yìí.

Lálẹ́ òní, bí o bá kúnlẹ̀, má ṣe ìlérí kankan. Dárúkọ ọkọ rẹ. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́, sun ún.

Ti ẹgbẹ́ akọrin, o kò sọ ohùn tí o ń kọ fún mi. Bó bá jẹ́ àlítò ni, mo mọ̀ pé wọ́n ti ń wá ọ.