Àkọlé tí ojú rí, tí etí kò gbọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, èmi náà ni mo ń bójú tó ìkànnì ẹgbẹ́. Ọ̀kan nínú wa tí kò ríran sọ pé tí òun bá ṣí ojú ìwé ẹ̀yáwó, àfi kí òun gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀ kí òun tó kan ibi tí òun ń wá. Bẹ́ẹ̀, gàdàgbà ni mo kọ àwọn àkọlé, mo tún fi àwọ̀ búlúù sí wọn. Kí ló kù tí mi ò ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan, akọ̀wé. Screen reader, ìyẹn ohun èlò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà síta fún ẹni tí kò ríran, kì í fi gàdàgbà tàbí búlúù mọ àkọlé. Orúkọ tí a sọ nǹkan nínú kóòdù ló ń tẹ̀ lé. Tí kóòdù bá pe àkọlé yín ní ìpínrọ̀ lásán, ìpínrọ̀ lásán ni etí máa gbọ́.

Mo ti jókòó ti ẹnìkan tó ń lo NVDA, ọ̀kan nínú àwọn screen reader, rí, tí mo ń wo ìka rẹ̀. Bí ojú ìwé ṣe ṣí, lẹ́tà H ló kọ́kọ́ tẹ̀, torí H ló máa ń gbé e láti orí àkọlé kan bọ́ sórí òmíràn. Ohùn náà ní, "no next heading." Ó tún un tẹ̀, ohun kan náà ló gbọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọfà ìsàlẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Èmi tí mo ṣe ojú ìwé náà rí àkọlé mẹ́jọ níbẹ̀. Òun kò gbọ́ ẹyọ kan.

Ẹ padà síbi tí ẹ ti ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìkànnì. Níbi tí ẹ ti lo bold, ẹ yọ ọ́, kí ẹ yan Heading. Orúkọ ojú ìwé ni Heading 1, ẹyọ kan ṣoṣo. "Ta ló lè yáwó", "Èlé" àti "Àwọn onídùúró" jẹ́ Heading 2. Tí ọ̀rọ̀ onídùúró bá tún pín sí méjì, ìyẹn ni Heading 3. Ẹ má ṣe ti 2 fò sí 4 torí pé lẹ́tà 4 wù yín. Ẹni tó ń gbọ́ á rò pé nǹkan kan sọnù láàárín. CSS, ìyẹn kóòdù tó ń pinnu bí ojú ìwé ṣe máa rí, ni ẹ fi ń tún ìwọ̀n lẹ́tà ṣe. Lẹ́yìn èyí, tí ọmọ ẹgbẹ́ yín bá tẹ nọ́ńbà 2 nínú NVDA, orí Heading 2 nìkan lá máa bọ́ sí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti fláyà. Ọjọ́ ìpàdé, àkókò, ibi tí a ó ti ṣe é, gbogbo rẹ̀ á wà nínú àwòrán, ẹ̀rọ á wá ní "graphic", tàbí kó ka orúkọ fáìlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ fláyà, kí alt, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ máa ń kà dípò àwòrán, sọ ohun tí àwòrán jẹ́ ní ṣókí. Àwòrán tó wà fún ẹ̀ṣọ́ nìkan, ẹ jẹ́ kí alt tirẹ̀ ṣófo: alt="".

Tí Yorùbá bá ni ẹ fi kọ ojú ìwé, ẹ fi lang="yo" sínú tag html tó bẹ̀rẹ̀ kóòdù ojú ìwé, kí ẹ̀rọ lè mọ èdè tó ń kà. Ẹ má sì fi underline ṣe àmì abẹ́ lẹ́tà. Lójú, ó jọ ọ. Lọ́dọ̀ ẹ̀rọ, o lásán ni. Owó ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ yáni á di owó oko.

Línkì tó ń jẹ́ "Tẹ ibí" kò wúlò fún ẹni tó pe gbogbo línkì jọ láti yan ọ̀kan. "Gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó" ni kí ẹ kọ. Nínú fọ́ọ̀mù náà, kí àpótí kọ̀ọ̀kan ní label tirẹ̀, ìyẹn orúkọ tí ẹ̀rọ máa kà fún un.

Ọ̀fẹ́ ni NVDA lórí Windows. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ pa ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá "Èlé" pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọmọ ẹgbẹ́ yín yẹn. Ẹ má sọ ibi tí nǹkan wà fún un o. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ máa wo ìka rẹ̀.